Ọmọ wa tó gba ìwé yunifásítì, ẹ jẹ́ ó gbìyànjú pólíìsì



Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2018, pólíìsì àti gendarmerie ti di ọ̀kan: Police républicaine. Ẹni tó gba ìwé yunifásítì lè ṣe concours, kó wọlé bí ọ̀gá. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa gbàwé tán, kpayo ni wọ́n ń tà.

Bí ìyá àgbà bá dé commissariat, ta ni yóò gbọ́ èdè rẹ̀?

Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun mọ ọ̀gá, ẹ má fún un lówó, ìdánwò ni. Ẹ̀yin ìjòyè, bí ìkéde bá ti jáde, ẹ ní kí wọ́n lu agogo.