Ọ̀nà Méjì Tí A Ń Gbà Tún Imú Ṣe



Ní ọdún 1898, ọkùnrin kan tọ dókítà kan lọ ní ìlú Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì. Jacques Joseph ni orúkọ dókítà náà. Ara ọkùnrin yìí le. Kò ní ibà, kò sì ní egbò. Imú rẹ̀ ni ó tóbi. Bí ó bá jáde sí ìgboro, àwọn ènìyàn a máa tẹjú mọ́ ọn, wọn a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, títí ọ̀rọ̀ náà fi di ìbànújẹ́ sí i lọ́kàn. Joseph fi abẹ dín imú náà kù. Nígbà tí ó ń ròyìn iṣẹ́ náà fún àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sọ fún wọn pé ìbànújẹ́ ọkùnrin náà ti lọ.

Láti ìgbà náà wá, ọ̀nà méjì pàtàkì ni àwọn dókítà ń gbà ṣe iṣẹ́ yìí. Èwo nínú méjèèjì ni ó ń tẹ́ ẹni tí a ṣe é fún lọ́rùn jù?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìka kan igi imú yín wò. Òkè rẹ̀ le, nítorí pé eegun ni. Ṣóńṣó rẹ̀ nísàlẹ̀ ń mì. Eegun rírọ̀ ni, irú èyí tí ó wà ní etí. Eegun le àti eegun rírọ̀ yìí ni dókítà ń gbẹ́, tí ó sì ń tò, lábẹ́ awọ.

Ọ̀nà kìíní ni pé kí dókítà gba inú ihò imú wọlé. John Roe, ní ìlú Rochester ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1887. Gbogbo ojú abẹ wà nínú, kò sí àpá lóde. Ṣùgbọ́n dókítà náà dàbí ẹni tí ó ti ọwọ́ bọ àpò láti wá kọ́bọ̀: kò fi ojú rí ohun gbogbo, ìka ni ó fi ń mọ̀ ọ́n. Ó gba ọwọ́ tí ó ti mọ iṣẹ́.

Ní ọ̀nà kejì, dókítà yóò tún la awọ kékeré tí ó wà láàárín ihò imú méjèèjì, yóò sì ká awọ imú sókè. Èyí dàbí ẹni tí ó da gbogbo ohun inú àpò sórí ẹní. Aurel Rethi ti Budapest ti lò ó ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Wilfred Goodman ti ilẹ̀ Kánádà kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1973 ni ó tó tàn kálẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó wúlò púpọ̀ fún imú tí ó wọ́, tàbí èyí tí iṣẹ́ abẹ ìṣáájú ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń fi àpá kékeré sílẹ̀, ṣóńṣó imú a sì máa pẹ́ kí ó tó fọn.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ojú olójú ṣòwò kí a jèrè. Nítorí náà ni àwọn olùwádìí kò fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu dókítà nìkan mọ́. Wọ́n ń bi ẹni tí ó ni imú léèrè: Ǹjẹ́ imú rẹ wù ọ́? Ǹjẹ́ o ń mí dáadáa? Ǹjẹ́ o tún fẹ́ kí a là á? Ìdáhùn wọn ni pé inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn, ìbáà ṣe ọ̀nà kìíní ni a gbà tàbí ọ̀nà kejì. Kò sí èyí tí ó fi gbangba ta èkejì yọ. Àní ọkùnrin ìlú Berlin náà, láti òde ni Joseph ti gé awọ imú rẹ̀, síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn.

Kí ni ó wá ń mú inú dùn? Kí imú lè mí dáadáa ni. Kí ohun tí ènìyàn ń retí má ju ohun tí abẹ lè ṣe lọ. Kí ó sì ní sùúrù, nítorí pé ó lè tó ọdún kan kí ìrísí imú náà tó yanjú. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń rí àbùkù ńlá níbi tí ẹlòmíràn kò rí nǹkan kan. Abẹ kì í sábà tẹ́ irú wọn lọ́rùn. Ọkàn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ tọ́jú. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá fọ́ imú ẹnìkan nínú ilé yín, tàbí tí imú ọmọ yín kò jẹ́ kí ó mí, ẹ má fi "Ọ̀nà wo ni ẹ ó gbà?" ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́. Ẹ bi dókítà pé: Mélòó ni ẹ ti ṣe? Ṣé yóò lè mí? Kí ni ẹ kò lè ṣe sí i? Bí kò bá rí bí a ti fẹ́, kí ni yóò kàn?

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ rántí ọkùnrin ìlú Berlin náà. Imú rẹ̀ kò dùn ún. Ojú àti ẹnu àwọn ènìyàn ni ó lé e dé abẹ́ abẹ. Bí ẹ bá fẹ́ fi imú ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́la ní kíláàsì, ẹ rò ó wò ná.