Owó-orí kì í ra orí

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ní alẹ́ ìparí ẹ̀kọ́ ìwé kíkà

   

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a kọ ọ̀rọ̀ kan sí ara pátákó. Ọ̀rọ̀ náà ni: owó-orí. A kà á díẹ̀díẹ̀, a sì kà á papọ̀. Nígbà náà ni ìyá àgbà kan na ọwọ́ sókè. Ó ní: «Olùkọ́, èwo nínú owó-orí ni ẹ kọ yìí? Ṣé èyí tí à ń san fún ìjọba ni, àbí èyí tí wọ́n san lé mi lórí nígbà tí mo ń lọ sílé ọkọ?»

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo gbé ìbéèrè náà lọ sílé, kò sì jẹ́ kí n tètè sùn. Lóòótọ́, owó-orí méjì ni a ní. Ọ̀kan wà láàárín ènìyàn àti ìjọba. Ọ̀kan wà láàárín ìdílé ọkọ àti ìdílé ìyàwó. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Lálẹ́ yìí, mo fẹ́ kí a gbé àwọn méjèèjì sórí ìwọ̀n kan, kí a wò bóyá wọ́n ṣe déédéé.

Owó-orí ti ìjọba

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ti ìjọba. Àwọn Faransé ló ń ṣàkóso ilẹ̀ wa nígbà kan. Dàhòmì ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 1899, wọ́n dá owó-orí sílẹ̀. Wọn kò wo èrè ọjà. Wọn kò wo ìwọ̀n oko. Orí ènìyàn ni wọ́n kà. Wọ́n ka orí ọkùnrin, wọ́n sì ka orí obìnrin. Ẹni tó ní oko ọ̀pẹ ńlá, orí kan ni. Opó tó ń ta ẹ̀kọ ní ìkòríta, orí kan ni òun náà.

Ẹnìkan lè sọ pé: «Ṣebí iye kan náà ni wọ́n san. Ṣé ìdọ́gba kọ́ nìyẹn?» Rárá o. Bí a bá gbé àpò àgbàdo kan ru géńdé ọkùnrin, tí a sì gbé irú rẹ̀ ru ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹrù kan náà ni. Ṣùgbọ́n ọrùn ọmọ yóò wọ́. Ìdọ́gba kì í ṣe pé kí ẹrù gbogbo wa tó iye kan náà. Ìdọ́gba ni pé kí ẹrù bá agbára mu.

Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹrù náà kò bá agbára mu. Nígbà ogun 1914 sí 1918, ọ̀pọ̀ ará Kétu kó ẹbí wọn kọjá ààlà lọ sí apá Nàìjíríà. Wọ́n ń sá fún owó-orí, wọ́n sì ń sá fún àwọn tó ń kó ọmọ wọn lọ ṣe sójà. Ní oṣù kejì ọdún 1923, ìjọba fi kún owó-orí ní Àjàṣẹ́. Àwọn ènìyàn kọ̀. Wọ́n ti ọjà. Àwọn òṣìṣẹ́ dá iṣẹ́ dúró. Ìjọba rán sójà sí wọn. Wọ́n lé Louis Hunkanrin, ọmọ Àjàṣẹ́, lọ sí ìgbèkùn ní ilẹ̀ Mọriténíà.

Ní òdìkejì ààlà, ní Abẹ́òkúta, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ń gba owó-orí lọ́wọ́ obìnrin. Ọmọbìnrin a máa bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní ọmọ ọdún 15, nígbà tí ọmọkùnrin kò ní san án títí yóò fi pé ọdún 16. Obìnrin ń san, ṣùgbọ́n kò sí obìnrin nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú. Ní ọdún 1947, àwọn ìyá ọlọ́jà dìde. Funmilayo Ransome-Kuti ló ṣáájú wọn. Wọ́n kọ́ ẹjọ́, wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà ààfin, wọn kò sì dákẹ́. Nígbà tó yá, a dá owó-orí obìnrin náà dúró, obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀ ìlú.

Ohun tí àwọn ìyá wọ̀nyẹn ń wí kò le. Ọmọdé pàápàá lè gbọ́ ọ. Wọ́n ń wí pé: orí tí ẹ bá kà nígbà owó, ẹ kà á nígbà ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilẹ̀ tiwa. Ní ọdún 1931, ìjọba Faransé kó ohun tí wọ́n pè ní àṣà ìbílẹ̀ Dàhòmì jọ sínú ìwé. Ìwé náà sọ pé obìnrin kò ní agbára kankan níwájú òfin. Ẹ gbọ́ o! Bí wọ́n bá wá gba owó, obìnrin ní orí. Bí ẹjọ́ bá dé, obìnrin kò ní orí mọ́. Irú ìwọ̀n wo nìyẹn? Bí ọlọ́jà kan bá ń lo ìwọ̀n ńlá láti ra àgbàdo, tó sì ń lo ìwọ̀n kékeré láti tà á, olè ni a ó pè é.

Owó-orí ti ìyàwó

Ó wá ku owó-orí kejì, èyí tí ìyá wa béèrè. Àwọn àgbà kò pè é ní owó ọjà. Ní ọjọ́ ìdána, bí a bá gbé owó kalẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ìyàwó a máa mú díẹ̀ níbẹ̀, wọn a sì dá ìyókù padà. Wọn a ní: «A kì í ta ọmọ.» Èyí fi hàn pé owó náà jẹ́ àmì. Ó ń sọ pé ìdílé méjì ti mọ ara wọn. Kò sọ pé ẹnìkan ti ra ẹnìkan.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ohun tí à ń gbọ́ nínú ilé. Bí ìjà bá dé, ọkùnrin á ní: «Mo san owó lé ọ lórí.» Bí ọkọ bá kú, ẹbí á ní: «Owó wa wà lórí rẹ̀.» Mo mọ̀ nípa rẹ̀, nítorí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tiwa.

Mo wà ní kékeré nígbà tí bàbá mi kú. Lẹ́yìn ọjọ́ ogójì, àwọn ẹbí pé jọ. Àwọn ọkùnrin jókòó sí iwájú ilé. Ìyá mi jókòó sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí bàbá mi fi sílẹ̀. Wọ́n ka kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Wọ́n ka ewúrẹ́ méjì. Wọ́n ka páànù tí kò tí ì kàn mọ́ òrùlé. Wọ́n ka oko ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹnìkan nínú wọn ní: «Ó ku ìyá àwọn ọmọ. Àbúrò olóògbé ni yóò mú un.»

Ìyá mi dìde, ó sì jáde sí wọn. Ó kúnlẹ̀, nítorí àgbà ni wọ́n. Ó ní: «Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ ti ka ewúrẹ́, ẹ ti ka páànù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà mí mọ́ wọn.»

Wọ́n ní: «Ìdílé wa ló san owó-orí rẹ.»

Ó dá wọn lóhùn pé: «Ọkọ mi san owó-orí fún ìjọba lọ́dọọdún. Nígbà tó kú, ṣé ìjọba wá gbé òkú rẹ̀ pé àwọn ló ni ín?»

Kò sí ẹni tó rí èsì fọ̀. Wọn kò fún un ní ọkọ mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gba oko ẹ̀gẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni òun àti bàbá mi ni wọ́n jọ ro ó. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn ni ìyá mi ń rà kó tó lè yan gàrí. Ohun tó fi tọ́ wa nìyẹn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sí òfin lẹ́yìn rẹ̀ nígbà náà.

Ohun tí òfin sọ nísinsìnyí

Lónìí, òfin wà. Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n, nítorí òfin tí a kò mọ̀ dà bí oúnjẹ tó wà nínú ilé tí a tì pa.

Òfin ńlá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, sọ pé ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba ní ẹ̀tọ́. Ní ọdún 1996, ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ òfin ńlá náà sọ pé ìwé àṣà 1931 yẹn kì í ṣe òfin. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2004, òfin ènìyàn àti ìdílé jáde. Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀.

Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbéyàwó kó tó pé ọdún 18. Ọkùnrin àti obìnrin gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn fẹ́ ara wọn. Owó ìdána jẹ́ àmì lásán. Ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin ń pín ogún bàbá àti ìyá wọn lọ́gbọọgba. A kò gbọ́dọ̀ fi ipá fún opó ní ọkọ. Ìgbéyàwó ọkùnrin kan pẹ̀lú obìnrin kan, tí a ṣe níwájú olórí kọ́múnì, ni òfin mọ̀.

Bí ọkùnrin bá fi ẹnu ìdílé nìkan fẹ́ ìyàwó kejì, òfin kò mọ̀ ọ́n ní ìyàwó. Ẹ̀yin òbí, ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó fa ọmọ yín lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kò ṣẹ̀. Bí bàbá bá ti kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò kéré sí ti àwọn ọmọ yòókù. Nítorí náà, ẹ má fi ìwé ọjọ́-ìbí ṣeré.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀ tó dùn mọ́ mi. Òfin náà ní kí ọkọ àti ìyàwó jọ gbé ẹrù ilé, kí olúkúlùkù gbé e bí agbára rẹ̀ ti tó. Ṣé ẹ rí i? Ohun tí à ń fẹ́ nínú owó-orí ìjọba nìyẹn. Kí ẹrù bá agbára mu.

Ẹ jẹ́ kí a wo inú ilé wa. Obìnrin jí, ó gbálẹ̀, ó pọn omi, ó wẹ ọmọ. Ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí oko òwú. Wọ́n jọ ṣiṣẹ́, wọ́n jọ padà. Ọkùnrin na ara sórí ẹní. Obìnrin ru igi, ó dáná, ó sebẹ̀. Nígbà tí a ta òwú, ta ló lọ gba owó? Ta ló mọ iye rẹ̀? Bí ọkọ bá kà á níkọ̀kọ̀, tó sì fún ìyàwó ní owó ìyọ̀, ìwọ̀n kékeré àti ìwọ̀n ńlá nìyẹn.

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ náà kàn yín pẹ̀lú. Nínú àṣà wa, owó ọjà obìnrin, tirẹ̀ ni. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ bá wó lulẹ̀ nítorí àìsàn, tí owó sì wà nídìí aṣọ ìyàwó, kó má sọ pé ọkọ nìkan ni baálé. Ẹni tó bá fẹ́ kí a ka orí òun nígbà ọ̀rọ̀, kó fi èjìká sí ẹrù.

Ohun tí ìwé kíkà lè ṣe

Ìyá kan nínú kíláàsì wa ń ta gàrí. Ní ọjọ́ ọjà, ó san 200 fránkì fún ẹni tó ń gba owó ọjà. Ó ti ń san án bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n a fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì, òun a sì fi í di ata. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yìí, ó wo tíkẹ́ẹ̀tì náà. Ó rí 1, ó rí 0, ó tún rí 0. Ó ní: «Bàbá, 200 ni mo fún yín. Ìwé yìí ní 100.» Ọkùnrin náà wò ó, ó ní àṣìṣe ni, ó sì dá 100 padà. Àwọn obìnrin tó wà ní ìtòsí bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdí ata wọn wò.

Ẹ̀yin ará, ẹ san owó tó tọ́. Láìsí owó, kò sí kànga, kò sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ẹ gba ìwé, ẹ kà á, kí ẹ sì béèrè ohun tí a fi owó náà ṣe. Láti ìdìbò ọdún 2002 àti 2003 ni a ti ní ìgbìmọ̀ kọ́múnì tí a yàn. Owó tí ẹ san ni wọ́n ń ná. Ẹ ní ẹnu níbẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe nílé. Ẹ jọ ka owó òwú. Ẹ jọ sọ̀rọ̀ kí a tó mú ọmọbìnrin kúrò ní ilé ìwé. Ẹ jọ kọ orúkọ sí ìwé oko.

Ìyá mi ti lọ. Kò mọ a, kò mọ b. Ṣùgbọ́n ó ti dáhùn ìbéèrè ìyá wa kí ó tó béèrè rẹ̀. Èyí tí à ń san fún ìjọba, èyí tí à ń san lórí ìyàwó, ọ̀kan kò ra orí nínú méjèèjì.

 

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Nínú ilé yín, ta ló mọ iye owó tó wọlé lẹ́yìn ìkórè? Kí ló dé?
2. Bí ọkùnrin bá kú ní abúlé wa, kí ni à ń ṣe sí opó rẹ̀? Kí ni òfin sọ?
3. Ẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì ọjà kan wá. Ẹ ka iye tó wà lórí rẹ̀. Ṣé iye tí ẹ san nìyẹn?