Àwa Gẹ́gẹ́ Bí Akẹ́kọ̀ọ́
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdún Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Ìlú)



Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́, ohun tí ó wà lọ́kàn wọn, bí a ti rò ó, ni pé kí a bá àwọn ọmọdé wí. Iṣẹ́ olùkọ́ nìyẹn lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé ti gbọ́ tó lẹ́nu wa. Àwa àgbà ni ọ̀rọ̀ òní bá wí.

Ẹgbẹ́ yìí dá kíláàsì alẹ́ sílẹ̀ kí àwọn àgbà lè mọ Yorùbá kà kí wọ́n sì mọ̀ ọ́n kọ. Lónìí, àga tí ó ṣófo níbẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ènìyàn jókòó lé lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ di òpin ọdún, owó tí a fi ń tan iná níbẹ̀ yóò gba ibòmíràn lọ, kíláàsì yóò sì tú ká. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ilẹ̀ ń bẹ nílùú yìí tí bàbá tẹ ìka sí láìmọ ohun tí a kọ sínú rẹ̀, tí àwọn ọmọ sì ń tìtorí rẹ̀ lọ sí kóòtù. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí ọmọ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ọmọ ẹlòmíràn ni ń kà á fún un, àṣírí ilé a sì di ti àdúgbò.

Kì í ṣe ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn wa wá. Ẹni tí ń jí lọ sóko ní kùtùkùtù kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tí a rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ irú akẹ́kọ̀ọ́ tí a jẹ́: a kò mọ ibi tí agbára wa wà, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ibi tí ó pin sí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹnìkan tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ Òṣoògùn ni Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni ogun kó o lẹ́rú, ọmọdékùnrin ni ó ṣì jẹ́. Ní 1822 ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn Potogí tí ń kó ẹrú, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, ó sì kọ́ iṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú. Kíá ni ìwé wọ̀ ọ́ lórí: kò ju nǹkan bí oṣù mẹ́fà lọ tí ó fi lè ka Májẹ̀mú Titun. Ní 1827 ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay. Ní 1843 a fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀n; ọdún náà gan-an ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kó jọ jáde. Ta ni ì bá ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tún lọ kọ́ Yorùbá?

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní oṣù kìn-ín-ní 1844, ó dúró ní Freetown láti wàásù ní Yorùbá fún àwọn ará ilé rẹ̀ tí wọ́n bá a dé ilẹ̀ àjèjì. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ó ti kúrò nílé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pé bí ìkókó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè ìyá rẹ̀ ni òun rí lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó ṣe ìwé lórí èdè kan ni ó rí ara rẹ̀ bí ìkókó nínú èdè náà! Kò fi í pamọ́, kò sì tìtorí rẹ̀ dákẹ́. Nígbà tí yóò fi di 1852, ìwé ọ̀rọ̀ náà ti tún jáde, ó ti pọ̀ sí i, òwe sì kún inú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀n àti Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yín nìyí. Ẹ gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pe ilé, Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ fi ń dáhùn, nítorí ẹ̀rù ń bà yín kí bàbá àgbà má baà rẹ́rìn-ín. Bàbá àgbà ń rẹ́rìn-ín lóòótọ́, a ó sì bá a sọ ọ́.

Agbára tiwa ńkọ́? Etí ni, àti ìrántí. Babaláwo kó igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta odù àti ẹsẹ̀ wọn sórí láìsí ìwé kankan. Ìyá aláṣọ lọ́jà wa tí kò wọ ilé-ìwé rí mọ gbèsè tí oníkálukú jẹ ẹ́, kò sì kọ ọ́ sí bébà. Ẹni tí ó ní irú orí bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní olódo.

Ṣùgbọ́n ohun tí a bá há sórí, a kì í sábà wádìí rẹ̀. Àwa tí a lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ pàápàá, a há ìlànà ìkọ́ni sórí ṣánṣán, ó sì ṣọ̀wọ́n kí a bi olùkọ́ léèrè ìdí ọ̀rọ̀, nítorí nílé tí a ti wá, ọmọ tí ń bi àgbà ní ìbéèrè ni a ń pè ní aláfojúdi. A kò ní ju ọ̀wọ̀ nù. Síbẹ̀, àwọn ọmọ tí a ń kọ́ ni ó ń kọ́ wa báyìí pé ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi.

Etí náà kò sì lè ríran. Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọ̀kọ̀ ọdẹ: kò sí ọmọ Yorùbá tí etí rẹ̀ yóò ṣì wọ́n gbọ́. Lórí ìwé ni ó ti ń dàrú mọ́ wa lójú, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwa tí a kàwé kò kọ́ àmì ohùn. Ní ti àwọn bàbá wa, ìlànà tí ó ti wà láti ìgbà ìpàdé Èkó ní 1875 ni wọ́n fi kọ́ ìwé: “aiye”, “enia”, “ọkọnrin”. Nígbà tí ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974, “ayé”, “ènìyàn” àti “ọkùnrin” dé. Àwọn kan bínú, wọ́n ní a fẹ́ sọ àwọn di púrúǹtù. A kò dá wọn lẹ́bi. Kò rọrùn kí ẹni tí ń ka Bíbélì sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì tún padà sí A, B, D.

Nítorí náà, a ti yí ìlànà kíláàsì padà. Ohun tí ẹ mọ̀ lórí ni a ó fi bẹ̀rẹ̀: oríkì ilé yín, orúkọ ọjà yín, iye gbèsè tí wọ́n jẹ yín. Ẹ ó sọ ọ́, a ó kọ ọ́, ẹ ó sì kà á. Ẹni tí ó kàwé láti ọjọ́ pípẹ́ yóò jókòó pẹ̀lú àwa olùkọ́ ní iwájú, a ó jọ kọ́ àmì ohùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni, ní agogo méje alẹ́. Kí ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá ríran dáadáa mú awò rẹ̀ dání. Ní ti ìjòyè tí kò bá fẹ́ kí a rí òun, a ti ta aṣọ sí fèrèsé tí ó kọjú sí títì.