Àáró ló ń mú ẹgbẹ́ dúró
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìkówójọ fún gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní ìlú Kánò

 

Ọ̀nà méjì ni àwọn baba wa fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ lóko. Èkíní ni ọ̀wẹ̀: ẹni tó fẹ́ kọ́lé a pe ọ̀pọ̀ ènìyàn, a se oúnjẹ, a gbé ẹmu kalẹ̀, iṣẹ́ a parí, kálukú a gba ilé rẹ̀ lọ. Èkejì ni àáró: àwọn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún tí oko wọn kò jìnnà síra a ro ti ẹnìkan lónìí, wọn a ro ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Bí ẹnìkan kò bá wá sí ọ̀wẹ̀, a lè má mọ̀. Bí ẹnìkan kò bá wá sí àáró, wọn a lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ìkówójọ tòní, ọ̀wẹ̀ ni. Ó dára, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n àáró ló ń mú kí ènìyàn dúró nínú ẹgbẹ́.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí gbé àwọn ènìyàn wa wá sí Kánò ní nǹkan bí ọdún 1912, Sabon Gari ni ọ̀pọ̀ wọn wá dó sí. Bí ẹnìkan kò bá wá sí ìpàdé, ẹni tó ń gbé òdìkejì títì yóò mọ ìdí rẹ̀. Lónìí a ti fọ́n ká: Badawa, Hotoro, Naibawa, Sharada. Láti ìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ọdún 2023, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹun oòjọ́.

Ẹni tó bínú kúrò nínú ẹgbẹ́, a máa ń gbọ́ ariwo rẹ̀. A lè bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò rí fún oṣù mẹ́ta, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ń lọ, kì í sì í padà. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, òun fúnra rẹ̀ kò sí. Bí ó bá ṣàìsàn, ó lè jẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú ni a óò gbọ́. Àbùkù ńlá ni èyí fún àwa tí a ń pe ara wa ní ọmọ ìyá lẹ́yìn odi.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Kí a pín ẹgbẹ́ sí agboolé kéékèèké, àdúgbò sí àdúgbò, ilé mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí agboolé kọ̀ọ̀kan máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láti ilé dé ilé. Obì àti omi tó. Kí a má sọ ọ́ di àríyá tí yóò ba aláìní lẹ́rù. Ìpàdé ńlá, ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá pa ìpàdé méjì jẹ, kí ẹni méjì lọ wò ó. Kì í ṣe láti gba owó ìtanràn, bí kò ṣe láti béèrè àlàáfíà. Bí ilé bá ti di ogún, kí a pín in sí méjì, kí ojú lè máa tó ara wa.

Ẹnìkan lè ní, ṣé ẹgbẹ́ ìlú wa kò tó ni? Kí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ọ̀fà àti ọmọ Ìjẹ̀bú máa ṣe ẹgbẹ́ wọn lọ. Ṣùgbọ́n bí aboyún bá ń rọbí lóru ní Hotoro, ará ìlú rẹ̀ tó wà ní Sharada kò lè tètè dé. Ọmọ Yorùbá tó wà ní ilé kẹta ni yóò bá a wá ọkọ̀, ìbáà jẹ́ mùsùlùmí, ìbáà jẹ́ onígbàgbọ́.

Ibẹ̀ náà ni àlejò yóò ti mọ̀ wá. Láti ọdún 1973 ni ètò àgùnbánirọ̀ ti ń rán àwọn ọ̀dọ́ káàkiri Nàìjíríà. Ọmọ tó dé lánàá kì í mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ kí nínú gbọ̀ngàn tó kún fún àgbà, ṣùgbọ́n kò ní gbàgbé ilé ìyá tó bu oúnjẹ fún un. Àwọn ọmọ tiwa náà tí èdè Haúsá ti yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, ibẹ̀ ni wọn óò ti gbọ́ èdè, tí wọn óò sì mọ bí a ti ń kí àgbà.

Ewu kan wà: agboolé lè di ẹgbẹ́ inú ẹgbẹ́. Nítorí náà, kí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá owó oṣù wà lọ́wọ́ agboolé fún àìsàn àti ìkómọ, kí ìyókù wọ àpò gbogbogbòò, kí a sì ka ìṣirò rẹ̀ ní gbangba. Bí wọ́n bá ń dá èsúsú, kí a má da owó rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹgbẹ́. Kí olórí agboolé má sì lò ju ọdún méjì lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ náwó lónìí, ẹ má ṣe háwọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dìde, kí olúkúlùkù béèrè àdúgbò tí ẹni tó jókòó tì í ń gbé. Ènìyàn laṣọ, ni àwọn àgbà wí. Bí gbọ̀ngàn bá parí tí kò sí ènìyàn tí yóò kún un, àdán ni a kọ́lé fún. Olódùmarè kò ní jẹ́ ká kọ́lé fún àdán.