Ojú Ni Alákàn Fi Ń Ṣọ́ Orí



Àwọn baba wa wí pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ní ilé mìíràn lóde òní, ẹ̀rọ kékeré tí a ń pè ní sẹ́ńsọ̀ ni ojú náà: òmíràn a máa wọn ooru, òmíràn a máa mọ̀ bí ilẹ̀kùn bá ṣí, òmíràn a sì máa wo ìwọ̀n omi inú táǹkì. Irú èyí ìkẹyìn ni mo fi sí ilé mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, fóònù mi wí pé táǹkì kún. Nígbà tí mo ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi, afẹ́fẹ́ lásán ni ó jáde. Bátìrì sẹ́ńsọ̀ náà ti kú láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ ni fóònù ń tún sọ fún mi. Nítorí náà ni mo ṣe kọ́ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ kíkọ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kí èmi fúnra mi lè gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ náà ń wí.

MQTT ni èdè tí ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ ń sọ. Andy Stanford-Clark àti Arlen Nipper ni wọ́n ṣe é ní ọdún 1999, láti máa fi ṣọ́ ọ̀pá epo láti ọ̀nà jíjìn nípasẹ̀ sátẹ́láìtì. Alárinà kan wà: sẹ́ńsọ̀ a máa kó ìròyìn fún un lábẹ́ àkọlé kan, òun a sì fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí ó bá bèèrè àkọlé náà. Mosquitto ni alárinà tèmi. Àṣẹ tí mo ń kọ nìyí:

mosquitto_sub -v -t 'ile/#'

Àmì # dúró fún gbogbo àkọlé tí ó wà lábẹ́ «ile». Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sára: alárinà lè ti fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan pamọ́, kí ó sì kọ́kọ́ fi í lé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́wọ́. Bí a bá fi -R kún àṣẹ náà, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní jáde. Bí ohun gbogbo bá wá dákẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, ìdákẹ́ náà gan-an ni ìròyìn.

Sẹ́ńsọ̀ tilẹ̀ lè fi ìwé ìhágún lé alárinà lọ́wọ́. Bí ó bá kú láìdágbére, alárinà yóò kéde rẹ̀. Ìbá ṣe pé mo ti ṣe èyí, n kì bá tí jí bá táǹkì òfìfo.

Ẹ̀wẹ̀, ẹni tí ó bá lè kọ àṣẹ yìí sí alárinà yín yóò mọ ìgbà tí ilé yín ṣófo. Láti Mosquitto 2.0, tí ó jáde ní ọdún 2020, bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, kìkì kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí rẹ̀ ni ó ń dá lóhùn. Ẹni tí ó bá ṣí i fún ẹlòmíràn, kí ó fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwòrán dáradára ojú fóònù mú yín gbàgbé láti bèèrè pé: ta ni ó sọ ọ̀rọ̀ yìí, nígbà wo ni ó sì sọ ọ́? Ẹni tí ó bá ń bèèrè bẹ́ẹ̀ ni a lè fi ṣọ́ ilé.