Fífi Yàrá Kún Ilé Baba Ẹni

Ní ọ̀pọ̀ ìlú àti ìletò ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ilé alámọ̀ tí àwọn baba ńlá kọ́ ṣì wà tí ènìyàn ń gbé inú wọn. Ìpele-ìpele ni wọ́n fi amọ̀ mọ ògiri wọn. Ìpele kan a gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ògiri bẹ́ẹ̀ nípọn, ó sì ń jẹ́ kí inú ilé tutù ní ọ̀sán gangan. Ṣùgbọ́n ọmọ ń pọ̀ sí i, àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi sì ń fẹ́ ibi tí wọn yóò sùn nígbà ọdún. Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ fífi yàrá kún ilé máa wáyé nínú ẹbí púpọ̀. Bí a kò bá sì ṣe é bí ó ti yẹ, ilé àtijọ́ lè wó lu àwọn tí ń sùn nínú rẹ̀.

Ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Kí ọmọ tí ó lówó lọ́wọ́ tó pe bíríkìlà, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ pe olórí ẹbí àti àwọn àgbà jọ. Àwọn ni ó mọ yàrá tí a sin àwọn baba sí, ibi tí ògiri ti là rí, àti ọ̀nà tí àgbàrá ń gbà.

Ẹ̀yìn ilé tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó dára jù fún yàrá tuntun. Kí a má ṣe kọ́ ọ sí àárín àgbàlá, nítorí láti ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ti ń wọ àwọn yàrá tí ó yí i ká. Kí yàrá náà má ga ju ilé àtijọ́ lọ, kí páànù rẹ̀ sì dà sí ìta, kí omi òjò má baà máa ṣàn sára ògiri àtijọ́.

Ògiri àtijọ́ ti jókòó tipẹ́, ṣùgbọ́n tuntun yóò ṣì máa rì díẹ̀díẹ̀. Bí a bá so àwọn méjèèjì pọ̀ gbọningbọnin, wọn yóò fa ara wọn ya. Ẹ fi àlàfo tóóró sáàárín wọn, kí ẹ sì fi pákó tàbí páànù bò ó. Kí ẹ má sì gbẹ́ ìpìlẹ̀ jíjìn sí ẹsẹ̀ ògiri àtijọ́. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe ni ti sìmẹ́ńtì. Ògiri amọ̀ a máa fa omi láti inú ilẹ̀ àti láti ara òjò, a sì máa tú u padà sínú afẹ́fẹ́. Bí a bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, omi náà kò ní rí ọ̀nà jáde. Amọ̀ yóò máa rọ̀ lábẹ́ ohun líle tí ń dán lójú. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Devon, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ilé amọ̀ tí ó ti lé ní 400 ọdún wà, sìmẹ́ńtì ti ba ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Nítorí náà, amọ̀ tí a pò mọ́ iyanrìn àti ìgbẹ́ màlúù, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe, ni kí a fi rẹ́ ògiri àtijọ́. Fún yàrá tuntun, a lè lo búlọ́ọ̀kù amọ̀ pupa tí a fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ sí, bí ìdá 5 nínú 100, tí a sì fi ẹ̀rọ tẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ bá ti ilé àtijọ́ mu, owó rẹ̀ sì lè dín sí ti búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, kí ògiri lè gbẹ kí òjò tó tún dé. Kí etí òrùlé yọ síta dáadáa, kí ẹ sì la ojú àgbàrá kúrò lẹ́sẹ̀ ilé. Bí a bá ṣe báyìí, àwọn ọmọ yóò rí ibi sùn, ilé tí baba kọ́ yóò sì tún dúró fún àwọn ọmọ ọmọ.