Ilé Ọba Tí Ó Jó: Ọ̀rọ̀ Lórí Iná àti Ìgbé-Ayé Nínú Ilé Gíga

  

1. Ìfáàrà

Ó ṣeé ṣe kí ẹnu ya àwọn kan nínú yín pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ ni ó wá ń sọ̀rọ̀ nípa iná. Èmi kì í ṣe panápaná, n kì í sì í ṣe akọ́lé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi, mo sì ti ṣàkíyèsí pé a ní àwọn ọ̀rọ̀ kan nípa iná àti ilé tí ó lè kó bá wa bí a kò bá tún wọn gbé yẹ̀wò. Òwe kan ni mo ní lọ́kàn: Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Kò sí ẹnì kan nínú yàrá yìí tí kò tíì pa òwe náà rí. Òun ni a fi ń tu ẹni tí àdánù bá nínú. Kókó ọ̀rọ̀ mi lónìí ni pé òtítọ́ ni òwe yìí bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ilé, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́ bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ènìyàn. Bí ilé wa sì ṣe ń ga sí i ni ó túbọ̀ ń di dandan kí a mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì.

2. Ìmọ̀ Iná Tí A Jogún

Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ni a bí mi sí, lójú ọ̀nà tí ó ti Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀. Ìlú ọjà ni, ìlú àgbẹ̀ sì ni pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá dàgbà níbẹ̀ kò lè ṣàì mọ iná. Nígbà ọyẹ́, bàbá mi a máa kó wa lọ sí oko kòkó láti ro etí oko yí ká, kí iná ìgbẹ́ má baà ráyè wọlé. Ẹni tí yóò bá sun oko a kọ́kọ́ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, a sọ fún ẹni tí oko wọn jọ pààlà, kò sì ní í kúrò níbẹ̀ títí eérú yóò fi tutù. Nínú ilé pẹ̀lú, àwọn ìyá wa kì í fi iná sílẹ̀ nínú ààrò kí wọ́n lọ sùn. Àwọn náà ni wọ́n kọ́ wa pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ìmọ̀ gidi ni èyí, n kò sì wá síbí láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo irú ilé tí ó bá ìmọ̀ náà mu. Ilé ilẹ̀ ni. Yàrá ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣí sí ìta. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, ohun mẹ́ta ni ènìyàn ní láti ṣe: kí ó pariwo, kí ó gbé ọmọ, kí ó bọ́ síta. Ariwo náà ni yóò pe àdúgbò, àdúgbò ni yóò sì gbé omi wá. Ìta kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ.

Nínú ilé gíga, ìta jìnnà. Bí ẹni tí ń gbé ní àjà kẹjọ bá ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, inú ilé ni ó ṣì wà. Ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí yóò kọjá, ó ní àtẹ̀gùn tí yóò sọ̀, iná sì lè wà láàárín òun àti ilẹ̀. Ariwo rẹ̀ lè má dé etí ẹni tí ń bẹ ní àjà kejì. Garawa omi àdúgbò kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àkàsọ̀ àwọn panápaná pàápàá kì í dé gbogbo àjà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbé ìmọ̀ ilé ilẹ̀ gun òkè, tí kò sì fi nǹkan kan kún un, ọwọ́ òfo ni ó gùn ún.

3. Àwòṣífìlà

Ilé gíga àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ wa gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni Cocoa House, tí ó wà ní Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọdún 1965 ni wọ́n kọ́ ọ parí. Àjà 26 ni ó ní, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 105. Owó irè oko, pàápàá jù lọ kòkó, ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi kọ́ ọ, Ilé Àwọn Àgbẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń pè é. A lè sọ, nígbà náà, pé òógùn àwọn àgbẹ̀ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ àti ti Oǹdó wà nínú ògiri rẹ̀.

Orúkọ tí àwọn ará ìlú fún un ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò. Wọ́n pè é ní Àwòṣífìlà, èyíinì ni ilé tí ènìyàn yóò wò títí fìlà yóò fi ṣí kúrò lórí rẹ̀. Orúkọ tí ó dùn ni. Ṣùgbọ́n níbo ni ẹni tí ó sọ ilé náà ní orúkọ yìí dúró sí? Ìta ni ó dúró sí, òkè ni ó sì ń wò. Kò sí nínú ilé náà, kò sì sí ìdí tí yóò fi ronú nípa ọ̀nà tí ẹni tí ó wà lókè yóò gbà sọ̀kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìyìn tí a ní fún ilé gíga ṣe rí: ojú ẹni tí ń kọjá lọ ni a fi sọ ọ́.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1983, iná jó ilé gogoro ilé-iṣẹ́ NET ní Marina ní Èkó, èyí tí a wá mọ̀ sí NECOM House. Ilé náà lé ní 30 àjà, òun sì ni ó ga jù lọ ní Nàìjíríà nígbà náà. Kò ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 9 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1985, tí iná fi jó Cocoa House náà. Ọdún 1992 ni wọ́n tó tún un ṣe tán tí àwọn ènìyàn sì padà sínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba Dùgbẹ̀ kọjá lónìí yóò rí i pé ó dúró, ó sì gbayì. Òwe wa ṣẹ: ilé ọba jó, ẹwà bù sí i.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo èyí tí kò tíì pẹ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 2025, iná ṣẹ́ yọ ní Afriland Towers ní Broad Street ní Erékùṣù Èkó. Ilé náà kò ga tó àwọn méjì tí mo ti dárúkọ. Àwọn panápaná Ìpínlẹ̀ Èkó sọ pé yàrá ìsàlẹ̀ ilé, níbi tí ẹ̀rọ ínfátà wà, ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ilé náà kò wó. Èéfín ni ó gun òkè lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ wọn, tí àwọn kan fi ń gba ojú fèrèsé jáde. Ó kéré tán, ènìyàn 10 ni ó kú. A lè tún ògiri rẹ́, kí a kùn ún lọ́dà, kí a sì fi dígí tuntun sí fèrèsé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹwà kankan tí iná náà bù sí ilé àwọn tí wọ́n sin òkú ọmọ wọn.

4. Èéfín

Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà, rírú ni í rú. Òtítọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n sọ nípa èéfín. Kò ṣeé dì mọ́wọ́, òkè ni ó sì ń lọ. Nínú ilé gíga, àtẹ̀gùn àti ihò tí lífíìtì ń gbà lọ sókè sódò a máa di ihò èéfín, bí ti ilé ìdáná. Iná lè wà ní ìsàlẹ̀ kí èéfín rẹ̀ sì ti kún àjà kẹfà kí ẹni tí ń gbé níbẹ̀ tó rí ọwọ́ iná kankan.

Ọwọ́ iná ni a ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n èéfín ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ pa ènìyàn. Fóòmù ibùsùn, àga onítìmùtìmù, ike àti wáyà iná mànàmáná a máa tú májèlé jáde bí wọ́n bá ń jó. Ọ̀kan nínú májèlé náà, gáàsì tí a ń pè ní carbon monoxide, kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Oorun ni ẹni tí ó ń fà á sínú máa ń rò pé ó ń kun òun. Èyí ni ó fi yẹ kí ènìyàn rákò nílẹ̀ bí èéfín bá kún yàrá, nítorí pé atẹ́gùn tí ó ṣeé mí máa ń wà ní ìsàlẹ̀.

Ohun kan wà tí ó ń dá èéfín dúró fún ìgbà díẹ̀, òun sì ni ilẹ̀kùn tí a pa dé. Ẹ rántí etí oko tí bàbá mi ń kó wa lọ ro. Ilẹ̀kùn ni etí oko ilé gíga. Ẹni tí ó sá jáde nínú yàrá tí ń jó, tí ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ti fi oko aládùúgbò rẹ̀ lé iná lọ́wọ́.

5. Ẹ̀kọ́ Láti Lọ́ńdọ̀nù

Kí n tó bá ẹlòmíràn wí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù, àjà kọkànlá ilé kan ni mo ń gbé. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ kan, agogo ìdágìrì iná dún. Mo kó ìwé ìwádìí mi jọ, mo wá ẹ̀wù òtútù mi, mo sì lọ dúró ní iwájú lífíìtì. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tí yàrá rẹ̀ kángun sí tèmi ni ó fà mí lápá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé inú àpótí irin yìí ni ẹ fẹ́ kú sí?" Ìdánrawò lásán ni lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n oṣù keje tí mo ti ń gbé ibẹ̀ ni, ẹsẹ̀ mi kò sì tíì kan àtẹ̀gùn ilé náà rí. Gbogbo ìwé tí mo kà kò kọ́ mi ní ilẹ̀kùn tí ó kọjú sí yàrá mi.

Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù kan náà, ní òru ọjọ́ 14 oṣù Òkúdù ọdún 2017, iná bẹ̀rẹ̀ láti ara fíríìjì kan ní àjà kẹrin Grenfell Tower, ilé alájà 24. Ènìyàn 72 ni ó kú. Ọdún díẹ̀ ṣáájú, wọ́n ti tún ilé náà ṣe: wọ́n fi nǹkan bo ara rẹ̀ níta kí òtútù má baà wọlé, kí ó sì rẹwà lójú. Ohun tí wọ́n fi bò ó náà ni iná gùn dé òkè. Ẹ wo bí òwe wa ṣe dorí kodò níbẹ̀: ẹwà tí wọ́n bù sí ilé ni ó jó ilé.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà níbẹ̀. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún àwọn tí wọ́n wà nínú ilé náà ni pé kí wọ́n jókòó sínú yàrá wọn. Ìmọ̀ràn náà ní ìdí, nítorí pé nínú ilé tí ògiri àti ilẹ̀kùn rẹ̀ lè ká iná mọ́ yàrá kan, ẹni tí ó wà níbòmíràn lè wà láìléwu. Ṣùgbọ́n ilé náà ti kùnà. Ó tó nǹkan bí wákàtí méjì lẹ́yìn ìpè àkọ́kọ́ kí wọ́n tó yí ìmọ̀ràn náà padà, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni ó sì wà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí gbé àbájáde ìkẹyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2024, alága rẹ̀ sọ pé kò sí ọ̀kan nínú ikú náà tí a kò lè yẹ̀.

6. Ohun Tí Ó Yẹ Kí Olùgbé Ilé Gíga Mọ̀

Láti ìgbà tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọdún 1976, tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú rẹ̀, ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti ń pọ̀ sí i láàárín wa. Kò dìgbà tí ilé bá ga tó Cocoa House kí èéfín tó lè há ènìyàn mọ́nú rẹ̀. Àjà mẹ́ta tó. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n ka nǹkan mẹ́fà sílẹ̀.

Èkíní, ẹ mọ àtẹ̀gùn ilé yín. Ẹ ka iye ilẹ̀kùn tí ó wà láàárín yàrá yín àti àtẹ̀gùn náà, nítorí ojú kì í ríran nínú èéfín. Ẹ má ṣe kó ẹrù sí i, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ pa lóru.

Èkejì, irin tí a fi sí ojú fèrèsé nítorí olè kò gbọdọ̀ di ọgbà ẹ̀wọ̀n wa. Kí ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn ṣeé ṣí láti inú, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà nítòsí.

Ẹ̀kẹta, kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù àti jẹnẹrétọ̀ kò ní iṣẹ́ kankan lábẹ́ àtẹ̀gùn tàbí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí iná bá ṣẹ́ yọ nínú yàrá yín, ẹ jáde, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, ẹ kígbe, ẹ gba àtẹ̀gùn. Ẹ má ṣe wọ lífíìtì. Ìta ni kí ẹ ti pe 112. Ẹ má ṣe padà nítorí ẹrù, ìbáà ṣe ìwé ọ̀mọ̀wé.

Ẹ̀karùn-ún, bí èéfín bá ti kún àtẹ̀gùn, ẹ padà sínú yàrá, ẹ pa ilẹ̀kùn, ẹ fi aṣọ tútù dí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa ju aṣọ lójú fèrèsé kí àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ lè rí yín.

Ẹ̀kẹfà, ẹ bi onílé léèrè bóyá ògiri àti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ lè dá iná dúró. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ jẹ́ kí jíjáde kíákíá jẹ́ ìpinnu yín. Ẹrù yìí kì í ṣe ti ayálégbé nìkan. Ẹni tí ń kọ́lé, ẹni tí ń gba owó ilé àti ìjọba tí ń fọwọ́ sí àwòrán ilé ni wọ́n jọ ni ín.

7. Àgbálọgbábọ̀

N kò sọ pé kí a ju òwe wa nù. Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ kò kéré. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a mọ ìgbà tí ó yẹ kí a pa á. Bí ilé bá jó, kí a kọ́kọ́ ka orí àwọn tí ń gbé inú rẹ̀. Bí wọ́n bá pé, tí ọmọ wà lọ́wọ́ ìyá, tí arúgbó àjà òkè náà sì ti sọ̀kalẹ̀, nígbà náà ni kí ẹnu wa gba òwe náà. Bí wọn kò bá pé, kí a dákẹ́.

Kí wọ́n lè pé, ọjọ́ tí iná kò sí ni a ti ń palẹ̀ mọ́ fún un, bí a ti ń ro etí oko kí ọyẹ́ tó le. Lálẹ́ òní, kí olúkúlùkù tí ń gbé lókè mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n sì jọ fi ẹsẹ̀ sọ àtẹ̀gùn ilé wọn dé ilẹ̀. A ti wo òkè títí fìlà ti ṣí. Ó tó àkókò kí a wo ọ̀nà ìsàlẹ̀.